Ẹ WO ILẸ̀ DÁADÁA KÍ Ẹ TÓ SANWÓ



Ilẹ̀ ti wọ́n ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ni a fi ń dáwó jọ ra pulọ́ọ̀tì ní Ìkòròdú, tí a sì ń pín in. Ẹ má jẹ́ kí owó èsúsú wọlẹ̀ o!

Pulọ́ọ̀tì Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 sí 60. Ẹ mú téèpù dání. Bí ẹni méjì bá pín in, kí kálukú gba sọ́fè tirẹ̀, kó má baà dìjà lọ́jọ́ iwájú.

Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Láti 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Ẹ mú sọ́fè lọ sí Aláúsá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. “Àkùísíṣọ̀n” ni pé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà: ẹ sá fún un. “Ẹ̀kísíṣọ̀n” ni pé ìjọba ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìdílé: ẹ ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Ẹni tó bá ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, òfin Èkó ti 2016 lè rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé kí ẹ tó to búlọ́ọ̀kù, torí katapílà kì í mọ ojú opó.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè iṣẹ́ ọwọ́ wa o. Àṣẹ.