Kí Ilé Mùsùlùmí Má Ṣókùnkùn: Ohun Tí Ìdílé Lè Fi Rọ́pò Alẹ́ Halloween

  



Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo òbí, ṣùgbọ́n ó tún kan àwọn ará wa tí wọ́n ń tọ́ ọmọ ní òkè òkun lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ní ilé, ìyá àgbà ń kọ́ ọmọ, aáfáà ilé kéú ń kọ́ ọ, aládùúgbò náà sì ń bá a wí. Ní Peckham ní ìlú Lọndọnu, tàbí ní Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé, bàbá àti ìyá nìkan ni iṣẹ́ náà sábà máa ń já lé léjìká. Ọ̀kan nínú àwọn alẹ́ tí iṣẹ́ yìí máa ń wúwo jù lọ ni alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù October, tí wọ́n ń pè ní Halloween. Ní alẹ́ náà, àwọn ọmọdé a wọ aṣọ ẹ̀rù, wọ́n a fi ìbojú bojú, wọ́n a sì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti gba súìtì.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀

Kò tọ́ kí a dá ẹjọ́ ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará Ireland àti Scotland ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Samhain. Òun ni wọ́n fi ń parí ìkórè, tí wọ́n sì fi ń wọ inú ìgbà òtútù. Ìtàn ìbílẹ̀ wọn sọ pé ní alẹ́ náà, àwọn òkú àti àwọn iwin a máa rìn láàrin alààyè. Nígbà tí ó yá, ìjọ Kátólíìkì fi ọjọ́ kìíní oṣù November ṣe ọjọ́ gbogbo àwọn ẹni mímọ́ wọn; láti ara alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà ni orúkọ Halloween ti jáde. Ọ̀pọ̀ ará Ireland ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá nígbà ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1845, wọ́n sì kó àṣà wọn dání. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1930 sókè, àṣà kí ọmọdé máa kan ilẹ̀kùn ti ń fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìtumọ̀ gbólóhùn tí wọ́n ń ké lẹ́nu ọ̀nà ni pé: ẹ fún wa ní nǹkan dídùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó dá àpárá sí yín.

Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọn baba ńlá rẹ̀ náà ní egúngún, tí wọ́n ń pè ní ará ọ̀run. Ìdí tí Mùsùlùmí fi jáwọ́ nínú ọdún egúngún ni ó fi yẹ kí ó yàgò fún ọdún tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jọ ọ́. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe Halloween lónìí kò bọ òkú kankan. Eré ọmọdé lásán ni wọ́n kà á sí. Kò yẹ kí a parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ọmọ tí ń kọ́ láti sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́dọ̀ ṣàítánì yóò fi fi ìwo ṣàítánì dé orí nítorí súìtì.

Ewu tí ó dájú àti èyí tí kò dájú

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé àjèjì lè fi májèlé sínú súìtì ọmọ wọn. Ní ọdún 1974, ọmọdékùnrin kan kú ní Texas lẹ́yìn tí ó jẹ súìtì onímájèlé ní alẹ́ Halloween. Àjèjì kọ́ ni ó fi májèlé sí i. Bàbá tí ó bí i ni, nítorí owó adójútòfò, ìjọba sì pa bàbá náà ní ọdún 1984. Joel Best, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Kò rí ẹ̀rí tí ó múná dóko pé àjèjì kan fi súìtì Halloween pa ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, kí òbí Mùsùlùmí má ṣe fi ìròyìn àhesọ dẹ́rù ba ọmọ. A kì í fi irọ́ gbèjà òtítọ́. Aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ lórí wa, kò sì tọ́ kí ọmọ dàgbà pẹ̀lú èrò pé apànìyàn ni ẹni tí ó ń gbé ní ojúlé kejì.

Ewu tí ó dájú ni ti ọkọ̀. Ìwádìí àwọn oníṣègùn kan tí ó jáde ní ọdún 2019 yẹ alẹ́ Halloween méjìlélógójì wò ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975 sí 2016. Ó fi hàn pé iye ẹlẹ́sẹ̀ tí ó ń kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní alẹ́ náà fi ìdá 43 nínú 100 pọ̀ ju ti àwọn alẹ́ mìíràn tí wọ́n fi wé e. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ewu náà kàn jù, nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ó sì le jù. Lóòótọ́, iye àwọn tí ó kú kò pọ̀ láàrin gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ti pọ̀ jù lójú ìyá rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé ayé rárá ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti pàṣẹ pé kí a dá àwọn ọmọ dúró sínú ilé ní ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ìdènà nìkan kò tó

Ẹ wá fi ojú inú wo ilé Mùsùlùmí kan ní alẹ́ náà. Bàbá ti sọ fún àwọn ọmọ pé haráàmù ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ó pa iná iwájú ilé, ó fa aṣọ fèrèsé bò, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ sókè. Àwọn ọmọ jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ wọn ní títì. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ohun tí ó ṣe ní alẹ́ àná. Ọmọ Mùsùlùmí yóò dákẹ́, tàbí kí ó pa irọ́. Kí ni ọmọ náà kọ́? Kò kọ́ pé Ọlọ́hun jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ó kọ́ ni pé Islām ni ilé tí ó ṣókùnkùn jù ní àdúgbò. Bí ó bá dàgbà tán, tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀ lọ́wọ́, ṣé inú òkùnkùn ni yóò tún fẹ́ padà sí?

Bí ọmọdé bá mú ọ̀bẹ, a kì í já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mìíràn tí ó wù ú ni à ń nà sí i, òun fúnra rẹ̀ yóò sì sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Báyìí ni Ànábì náà ṣe. Nígbà tí ó dé Mẹ́dínà, ó bá àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń ṣeré láti ìgbà àìmọ̀kan. Kò gba eré lọ́wọ́ wọn kí ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́hun ti fi ọjọ́ méjì tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò fún wọn, ìyẹn ọdún Iléyá àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Anas ọmọ Mālik ni ó gba ọ̀rọ̀ yìí wá, ó sì wà nínú àkójọ Abū Dāwūd.

Kí ọmọ kan ilẹ̀kùn láti fún ni

Kíkan ilẹ̀kùn kò ṣàjèjì sí ọmọ Mùsùlùmí Yorùbá. Ní ọdún Iléyá, ọmọdé a gbé abọ́ ẹran lọ sí ilé Mùsùlùmí, a sì gbé e lọ sí ilé Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ Halloween ń kan ilẹ̀kùn láti gbà, ìhàlẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ eré. Ọmọ Iléyá ń kan ilẹ̀kùn láti fún ni, ẹ kú ọdún ni ó sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí ń fún ni ní ọlá ju ẹni tí ń tọrọ lọ. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni kí ìdílé gbé ètò rẹ̀ kà.

Èkínní, kí òbí ti bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí oṣù October tó dé. Kí wọ́n sọ ìtàn ọdún náà fún un bí òye rẹ̀ bá ti mọ, kí wọ́n gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní èsì tí kò ní àbùkù nínú fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n rí olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n bèèrè ohun mìíràn tí ọmọ lè ṣe bí ilé-ìwé bá ní àríyá.

Èkejì, elégédé kò ṣẹ̀. Oúnjẹ tí Ọlọ́hun dá ni. Kí ìdílé lọ sí oko ní òpin ọ̀sẹ̀, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ká a. Kí ìyá sè é, kí wọ́n yan kóró rẹ̀ bí a ti ń yan ẹ̀pà. Ọmọ tí ó jẹ elégédé tán kò ní kẹ́dùn pé òun kò gbẹ́ ojú sí i lára.

Ẹ̀kẹta, kí iná ilé máa tàn ní alẹ́ náà. Ní Lọndọnu, oòrùn ti wọ̀ kí agogo márùn-ún tó lù lọ́jọ́ náà. Kí ìdílé kí ìrun Mọ̀gàríbì ní jàmáà, kí wọ́n sì pe ìdílé méjì tàbí mẹ́ta mìíràn wá. Kí dùndún wà, kí dòdò àti gúgúrú wà, kí súìtì náà wà. Kí àgbà pa àlọ́, kí àwọn ọmọ ta ayò, kí wọ́n díje nínú kíké Àlùkùránì, kí ẹni tí ó borí sì gba ẹ̀bùn. Ní ibi tí mọ́sálásí bá ní gbọ̀ngàn, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gba ètò yìí ṣe fún gbogbo ọmọ ìjọ.

Ẹ̀kẹrin, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ náà, kí òbí mú ọmọ lọ kí àwọn arúgbó tí wọ́n ń dá gbé ní àdúgbò, pẹ̀lú èso tàbí àkàrà òyìnbó lọ́wọ́. Kí wọ́n kó oúnjẹ inú agolo jọ, kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní. Bí olùkọ́ bá bi í ní ohun tí ó ṣe, ẹnu rẹ̀ yóò gbà á láti sọ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí ọmọ ọlọ́mọ bá kan ilẹ̀kùn ní alẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tó, pé ìdílé yìí kì í ṣe ọdún náà.

Ẹ̀kẹfà, èyí tí ó ga jù, kí a ṣe ọdún tiwa bí ọdún. Ọ̀pọ̀ bàbá ní òkè òkun ń kí ìrun ọdún ní òwúrọ̀, a sì gba ibi iṣẹ́ lọ, ọmọ a sì lọ sí ilé-ìwé bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ní ọdún 2012, ọjọ́ 26 oṣù October ni ọdún Iléyá bọ́ sí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ilé tí ó rán aṣọ tuntun fún ọmọ, tí ó fún un ní owó ọdún, tí ó sì rán an ní ẹran sí aládùúgbò, kò ní wàhálà púpọ̀ nígbà tí Halloween dé ní ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó yó kì í wo abọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àwọn kan ti ń ṣe àríyá Halloween ní Èkó náà. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ́ ìtutù ojú fún wa. Kí Ó jẹ́ kí ilé wa máa tàn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ Islām, kí ọmọ tí ó jáde níbẹ̀ máa fi ayọ̀ padà síbẹ̀. Āmīn.