Ẹni Tí A Kò Dìbò Fún Tí Ó Di Olórí Wa

 

Ìbéèrè tí ẹ fún mi kò rọrùn: bí ẹni tí ìlú kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí bá di Ààrẹ, ṣé dandan ni kí gbogbo wa gbárùkù tì í? Láti ọdún 2023 ni ìbéèrè yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún náà, àjọ elétò ìdìbò kéde pé Bọ́lá Tinúbú ni ó wọlé pẹ̀lú ìbò 8,794,726. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, bí mẹ́tàdínlógójì ni ìyẹn. Ìyókù pín sọ́dọ̀ Àtíkù Abubakar, Peter Obi àti àwọn mìíràn. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fi ọwọ́ sí i ní oṣù kẹwàá. Àwọn kan ní ọmọ wa ni, nítorí náà kí Yorùbá má ṣe yanu. Ṣùgbọ́n Obi ni ó borí ní Èkó, Àtíkù ni ó borí ní Ọ̀ṣun. Ta ni wọ́n ń pè ní Yorùbá nígbà náà?

Ohun kan ń dùn mí tí n kò ní fi pamọ́. Nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkó, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta kan náà, ìròyìn kàn pé wọ́n lé àwọn ènìyàn kan kúrò níbi ìdìbò nítorí pé ìrísí wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti Igbo. Ẹni tí a lé lẹ́nu ọ̀nà lánàá, ẹnu wo ni a ó fi sọ fún un lónìí pé kí ó wá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pẹ̀lú wa? Ẹ̀bẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, a kò dìbò, Ọ̀yọ́mèsì ni ó ń fi ọba jẹ. Bí ọba bá ti gorí ìtẹ́, gbogbo wọn a dọ̀bálẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ọ̀run, Baṣọ̀run a da obì láti mọ̀ bóyá orí ọba ṣì ń gbè é. Bí ọ̀rọ̀ bá sì bàjẹ́ tán, wọ́n lè ní kí ọba ṣí igbá wò. Ẹni tí ó ń kí Kábíyèsí náà ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. (Kí a má sì tan ara wa jẹ: Baṣọ̀run Gáà fi agbára yìí kan náà jẹ gàba lé àwọn ọba lórí títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ẹni tí ń yẹ ọba wò náà nílò ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.)

Èrò tèmi nìyí. Ó yẹ kí a gbà pé ó wà lórí àga, kí a pa òfin mọ́, kí a má sì gbàdúrà kí ìlú bàjẹ́ kí ojú lè ti ẹnì kan. Èyí jẹ́ gbèsè lọ́rùn wa. Ìyìn kì í ṣe gbèsè. Ní ọjọ́ tí ó búra, 29 oṣù karùn-ún, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iye owó epo ti ju ìlọ́po méjì lọ. Obìnrin tí ó ń ta ẹ̀kọ tí ó sì ké pé ọkọ̀ ti wọ́n kì í ṣe ọ̀tá orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀yin awo mọ̀ pé nígbà tí a bá dì ìbò, babaláwo kò mọ ọwọ́ tí egúngún wà, kò mọ ọwọ́ tí owó ẹyọ wà. Bí ẹni tí ó wá dá Ifá tilẹ̀ jẹ́ ìbátan rẹ̀, kò lè yí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àgbà yóò dá Ifá ọdún fún ìlú. Bí ó bá fọ ire, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá fọ ayéwò, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ó kọ ọ́ sínú ìwé tí a ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò.