Orí tírélà àlòkù tá a fẹ́ sọ di agbọ́kọ̀: ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó dáwó

Fóìsì nóòtì mẹ́rin ni bàbá wa tó ń ta sípíà páàtì fi sórí gúrúùpù lálẹ́ àná. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn ò gbé fóìsì, àti àwọn tí ariwo ọjà ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bó ṣe sọ ọ́ la kọ ọ́.

FÓÌSÌ KÌÍNÍ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọjà, ẹ kú òjò yìí o. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí kọ́sítọ́mà wà níwájú ẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ráyè ni kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ gbọ́ ọ ṣáájú ìpàdé ọjọ́ Sunday, torí ó kan owó gbogbo wa.

Ẹ rántí ohun tí àbúrò wa tó ń ta pákó sọ ní ìpàdé tó kọjá. Ó ní òun rí orí tírélà Mercedes 1924 kan ní ọgbà mẹkáníìkì Apo, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì ń dún, owó ẹ̀ ò sì ga. Ó ní ká yọ owó nínú àjọ, ká rà á, ká fa ṣáàsí ẹ̀ gùn, ká ṣe ẹ̀yìn pẹrẹsẹ sí i, ká máa fi gbé jíípù àti katakata tó bá bàjẹ́ tàbí tó rì sí ẹrẹ̀ ní apá Sheretti, Ketti àti Takushara. Gbogbo wa la mọ ojú ọ̀nà yẹn tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé iṣẹ́ ò ní sí níbẹ̀.

Èrò ọmọ yẹn dára. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lórí gúrúùpù yìí. Ohun tó fẹ́ ṣe kì í sì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ṣé ẹ rántí bọ́lẹ̀kájà? Ṣáàsí àti ẹ́ńjìnnì Bedford ni wọ́n ń rà, káfíńtà ilé wa ló ń fi pákó kan ara ẹ̀. Agbégilódò ńkọ́? Mercedes 911 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn wẹ́dà wa ló sì sọ wọ́n di ohun tó ń gbé gẹdú jáde nínú igbó tí ẹsẹ̀ èèyàn gan-an ò fẹ́ wọ̀. Èmi fúnra mi wa agbégilódò kí n tó wá sí Abuja, láti igbó Oǹdó lọ sí Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta. Torí náà, ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní nǹkan kan kí n tó lọ. Nọ́ńbà tó wà lára àwọn Mercedes àtijọ́ yẹn ní ìtumọ̀. 911, mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ yẹn ni tọ́ọ̀nù 9, mọ́kànlá tó kù ni agbára ẹṣin bíi 110. 1924, tọ́ọ̀nù 19, agbára ẹṣin bíi 240. Àmọ́ tọ́ọ̀nù 19 yẹn kì í ṣe ẹrù nìkan o. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀, epo inú ẹ̀, dírẹ́bà, irin tẹ́ ẹ bá tò sẹ́yìn ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú 19. Irin tẹ́ ẹ bá fi kún un, inú ẹrù tó yẹ kó gbé lẹ ti ń yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì rí lẹ́tà A, bíi LA 911, ìyẹn ni pé táyà iwájú náà ń fa ọkọ̀. 1924 tí àbúrò wa rí, ẹ̀yìn nìkan ló ń fà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá bá a.

FÓÌSÌ KEJÌ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mi ò sọ fún yín rí ni mo fẹ́ sọ yìí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ṣe irú nǹkan yìí rí. A ra orí tírélà àlòkù, a gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa fi ṣe é. Mo ní rárá, iṣẹ́ ti ń dúró dè wá, kó parí ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ó gé ṣáàsí méjèèjì gbọọrọ ní ojú kan náà, ó fi irin sí àárín, ó jó o pọ̀, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ó ń dán bíi tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, atẹ́gùn bíréèkì ń jò. Nítorí pé atẹ́gùn tó bá jò, bíréèkì ẹ̀yìn á gan, ọkọ̀ ò ní lọ, mẹkáníìkì kan bá wa fi sípánà yí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ike bíréèkì yẹn kí sípíríìnì inú ẹ̀ má lè gan mọ́. Mo mọ̀ sí i. Mo ní kó ṣe é.

Oṣù mẹ́rin la fi ń jẹun níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a gbé katakata kan láti apá Lokoja, à ń bọ̀ ní ọ̀nà Abaji. Níbi tá a ti ń gun òkè kékeré kan, mo gbọ́ tó dún gbàà. Ojú ibi tí wọ́n jó yẹn ló ya. Pùròpẹ́là já bọ́, ó gé páìpù atẹ́gùn. Ọkọ̀ dúró díẹ̀, mọ́tò bọ́ì mi fò sílẹ̀ pé kóun lọ fi òkúta wé táyà. Ká ní sípíríìnì bíréèkì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, bí atẹ́gùn ṣe tán yẹn, fúnra ẹ̀ ló máa gan, ọkọ̀ ò ní mira. Àmọ́ a ti dè é lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ yí padà sẹ́yìn, ó gun ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Kò kú. Ọlọ́run ṣeun. Àmọ́ igi ló fi ń rìn títí dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ta ni mò ń fi owó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, òun ni. Mi ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru wẹ́dà yẹn. Èmi ni mo kánjú, èmi ni mo ní kí wọ́n yí nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá ń sọ pé kó sáà ti ń lọ, ẹ bá mi wí fún un pé ó máa lọ lóòótọ́, dídúró ẹ̀ ni ìṣòro.

FÓÌSÌ KẸTA

Ó dáa. Báwo ló ṣe yẹ ká ṣe é?

Àkọ́kọ́, ṣáàsí. Ẹ wo irin méjì gígùn tó gbé ọkọ̀ yẹn, ó ní etí lókè, ó ní etí nísàlẹ̀, ó ní ikùn láàárín. Tí ẹrù bá jókòó sí i, etí òkè ń fún pọ̀, etí ìsàlẹ̀ ń nà. Àwọn etí yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ẹni tó bá lu ihò sí etí yẹn, tàbí tó jó nǹkan mọ́ ọn, ibẹ̀ ni yíya á ti bẹ̀rẹ̀. Ikùn ni kẹ́ ẹ máa lu ihò sí, bóòtì ni kẹ́ ẹ sì fi de ẹ̀yìn pẹrẹsẹ yẹn mọ́ ọn. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ gé e kó lè gùn, kí wọ́n má gé méjèèjì ní ojú kan náà bí wọ́n ṣe ṣe tèmi. Kí wọ́n gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jó o wọ inú, kí wọ́n sì ki irin mìíràn sínú ikùn ẹ̀ tó máa gùn kọjá ojú jíjó yẹn dáadáa ní ọ̀tún ní òsì, kí wọ́n fi bóòtì dè é. Mẹkáníìkì tó bá ní àṣejù nìyẹn, ẹ má fún un níṣẹ́.

Èkejì, pùròpẹ́là. Ṣáàsí gùn, òun náà gbọ́dọ̀ gùn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi páìpù sí i láàárín. Kí wọ́n ṣe é ní ìlàjì méjì, kí bíárìn wà láàárín tó so ó rọ̀ mọ́ ṣáàsí, kí wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe bálánsì. Èyí tí kò bá dọ́gba á máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló ń jẹ krọ́ọ̀sì àti ìdí jíà.

Ẹ̀kẹta, ibi tí ẹrù máa jókòó. Tí ìwúwo bá bọ́ sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn jù, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, ẹ máa yí sítíárìn, ọkọ̀ ò ní gbọ́. Kí èyí tó wúwo jù lára ẹrù wà níwájú àsù ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù, torí ibẹ̀ ni èrò àbúrò wa ti ṣì díẹ̀. Ó rò pé a máa wa ọkọ̀ yìí wọ inú ẹrẹ̀ lọ gbé jíípù. Rárá o. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, tó gbé irin sẹ́yìn, tó bá wọ ẹrẹ̀ Ketti, àwa náà la máa wá ẹni tó máa fà wá. Agbọ́kọ̀ kì í wọ ẹrẹ̀, wáyà ẹ̀ ló ń wọ ẹrẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó le ni ọkọ̀ máa dúró sí, wínṣì la máa fi fà á. Tí agbára wínṣì ò bá tó, ẹ fi pọ́ọ̀lì kan kọ́ ara ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fà, kí wáyà gba inú ẹ̀ padà wá sára ọkọ̀. Agbára á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àmọ́ kò ní yára mọ́. Ẹ má ṣe tú wáyà tán lára ìlù ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ ku bíi ìwé márùn-ún. Ẹ fi àpò tó tutù lé àárín wáyà, torí tó bá já, bíi pàṣán ló máa padà wá. Gbogbo àwọn ọmọ abúlé tó máa wá wòran, ẹ lé wọn jìnnà ju gígùn wáyà yẹn lọ. Ẹ máà tijú, ẹ lé wọn.

Ẹ̀karùn-ún, dídè. Hándì bíréèkì jíípù kì í ṣe okùn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ fi ṣéènì dè, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, kó jẹ́ pé tí ọ̀kan bá já, mẹ́ta ṣì kù. Tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún un fún. Ó máa ń dẹ̀, ó dájú.

Ẹ̀kẹfà, táyà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń tà á lè fi ọ̀dà kùn ún kó dúdú kirimú, nọ́ńbà yẹn ò lè purọ́.

FÓÌSÌ KẸRIN

Mo fẹ́ parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé àti owó ló kù.

Ìwé ọkọ̀ yẹn, orí tírélà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yí i padà, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá àwọn VIO, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ bó ṣe wà báyìí, kó tó gbé ẹrù kankan. Ìnṣúrànsì náà, tọ́ọ̀dù páàtì tí gbogbo wa ń ra yẹn, ẹni tẹ́ ẹ bá gbá lójú títì ló wà fún. Kò ní san owó jíípù oníjíípù tó já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ yín. Ẹ gbọ́dọ̀ ra èyí tó wà fún ẹrù lójú ọ̀nà. Jíípù kan ṣoṣo lè ju owó ọkọ̀ wa lọ. Ṣé ẹ rí ibi tí gbèsè ti lè bá wa délé?

Ní ti owó: owó orí tírélà yẹn ni kékeré. Ẹ ka irin, wẹ́dà, pùròpẹ́là, wínṣì, ṣéènì, táyà mẹ́fà, páìpù bíréèkì, ìwé, ìnṣúrànsì, àti dísù tó máa kọ́kọ́ jó kí kọ́sítọ́mà tó san kọ́bọ̀. Àbúrò wa, jọ̀ọ́, lọ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó o mú un wá lọ́jọ́ Sunday. Tún lọ wò ó bóyá ẹ máa rí ọkọ̀ tó ti ní ẹ̀yìn gígùn láti ilé, kó jẹ́ pé a ò ní gé ṣáàsí rárá. Ó lè wọ́n díẹ̀ ju orí tírélà lọ, àmọ́ owó gígé àti owó pùròpẹ́là á ti wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin alàgbà ẹgbẹ́, èyí tó kàn yín rèé. Owó àjọ kì í ṣe owó ẹgbẹ́. Ẹni tó kàn láti kó o ló ni ín. Ìyá kan wà nínú wa tó jẹ́ pé oṣù tó ń bọ̀ ló máa kó tiẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ ká fi owó yẹn ra irin. Àwa tó bá wù ká dáwó lọ́tọ̀, kí kálukú mọ iye tó mú wá, ká kọ ọ́ sínú ìwé, ká sì fọwọ́ sí i. Tó bá jèrè, bó ṣe dáwó ni yóò ṣe gbà. Tó bá bàjẹ́, kò ní sí ẹni tó máa sunkún owó àjọ ẹ̀.

Èmi máa dáwó. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Àmọ́ ohun méjì ni mò ń bèèrè: kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa jó ṣáàsí yẹn, láàárọ̀ títí dalẹ́, kẹ́nikẹ́ni má sì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì bíréèkì yẹn láé. Tí atẹ́gùn bá ń jò, ká wá ibi tó ti ń jò. Tí a bá pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan nítorí ẹ̀, ká pàdánù ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kì í hù padà.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ bi mí lórí gúrúùpù, ẹ má wá bi mí ní kọ̀rọ̀, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, a ò ní rin ìrìn àjò àìdé. Ọjà á tà. Ó dàárọ̀ o.