Ewé Tó Kú Tó Tún Jí Lórí Àpáta



Ọ̀rúnmìlà rán Ọ̀sanyìn pé kó lọ roko. Ọ̀sanyìn gbé ọkọ́, ṣùgbọ́n ewé tó bá fẹ́ gé, oore rẹ̀ ló ń rí: èyí ń wo ibà, èyí ń wo inú rírun. Ilẹ̀ ṣú, kò gé ẹyọ kan. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Awo. Bí ó bá jẹ́ orí àpáta ni wọ́n rán Ọ̀sanyìn lọ nígbà ọyẹ́, ewé kan wà níbẹ̀ tí ẹlòmíràn ìbá ti gé dànù, nítorí pé bí òkú ló rí.

Afrotrilepis pilosa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ìbátan òfìo ni, òdòdó rẹ̀ sì kéré, kò ní àwọ̀ tó ń fa ojú mọ́ra. Orí àpáta ìhòòhò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Gabon. Ẹ kò ní bá a nínú igbó tó yí àpáta náà ká. Ó wà lára ewéko tí P. W. Richards kọ nípa wọn nígbà tó ṣàlàyé Òkè Ìdànrè ní 1957.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta a máa gbóná débi tí ẹsẹ̀ lásán kò lè dúró lórí rẹ̀. Omi inú ewé yìí á gbẹ tán, ewé á ká jọ, àwọ̀ rẹ̀ á sì di ti eérú. Ewéko mìíràn tó bá gbẹ báyìí ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ewé àtijọ́ náà gan-an ni yóò fa omi mu, tí yóò sì tún tutù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 1961, D. J. Hambler kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ewé yìí máa ń pàdánù àwọ̀ tútù rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, tí yóò sì tún un ṣe nígbà tí omi bá dé.

Gbòǹgbò rẹ̀ a máa lọ́ mọ́ ara wọn bí ẹní lórí òkúta. Ẹní yìí ló ń gba erùpẹ̀ díẹ̀ àti omi dúró, níbi tí irúgbìn mìíràn ti lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó lọ́ra láti dàgbà. Èyí tí ènìyàn bá fà tu ní ìṣẹ́jú kan, ọmọ-ọmọ onítọ̀hún lè má rí arọ́pò rẹ̀.

Iná ìgbẹ́ ń ṣe é ní jàǹbá, ẹsẹ̀ àwọn tó ń gun òkè sì ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń fọ́ òkúta fún títì àti ilé ló burú jù, nítorí àpáta tí wọ́n bá fi àdó fọ́ kì í hù padà. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára ibi tí Nàìjíríà kọ sílẹ̀ fún UNESCO láti gbé yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ àpáta kéékèèké kò ní alágbàwí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà tó ń já ewé kì í bó èèpo igi yíká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn wà fún ẹsẹ̀. Ẹní tí koríko yìí tẹ́ sórí àpáta kì í ṣe ibi ìjókòó, àní nígbà ọyẹ́ tó bá dà bí òkú.