Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tó Ti Yarọ

Ẹni tó bá ti jáde sí títì ní Niamey á ti pàdé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, tí èjìká rẹ̀ ti bó níbi tí okùn ń ha á. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wá dá ńkọ́?

Ní 2016, ìjọba Niger fòfin de kíkó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè. Nǹkan bí 80,000 ni wọ́n ti kó lọ lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ 27,000 ni tọdún tó ṣáájú. Awọ wọn làwọn ará Ṣáínà ń wá, wọ́n ń sè é ṣoògùn. Ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà fòfin de pípa wọ́n torí awọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin ò sọ ibi tí èyí tó yarọ máa sùn.

Ní England, ibi ìtọ́jú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n ń pè ní Donkey Sanctuary ti wà láti 1969: arúgbó ni o, afọ́jú ni o, wọ́n ń tọ́jú wọn títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni kọ́ irú ẹ̀ síbí lọ́la. Oúnjẹ ọmọ gan-an ò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́gbà, tẹ́ ẹ rí ewé ẹ̀wà gbígbẹ àti omi, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó sìn yín títí tó fi yarọ, ẹ má tà á fún alápatà.