Ìgbà Tí Ó Yẹ Láti Lọ Wo Omi Ayikunnugba

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ súnmọ́ rédíò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbafẹ́ lọ sí erékùṣù kì í lọ nígbà tí òjò le, kì í sì í lọ nígbà tí èrò pọ̀ jù. Àárín méjèèjì ni ó ń wá. Ọgbọ́n yìí wúlò fún àwa ará Ìgbómìnà náà, bí kò tilẹ̀ sí òkun lọ́dọ̀ wa. Omi Ayikunnugba ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, kò jìnnà sí Ìlá.

Bí ẹ bá lọ ní oṣù kejì, ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú omi rù. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án, omi ń hó yaya, ṣùgbọ́n àpáta ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Òjò tí ó rọ̀ lókè odò sì lè mú omi kún lójijì, kí oòrùn máa ràn níbi tí ẹ dúró sí.

Nítorí náà, ẹ mú ìparí oṣù kẹwàá. Òjò ti ń dáwọ́, omi ṣì pọ̀, ọ̀nà ti ń gbẹ. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ọmọ Òkè-Ìlá kan tí ó mọ ọ̀nà ṣíwájú yín. Bí omi tí ó mọ́ bá ṣàdédé pọ́n, tí ó ń gbé ewé àti igi bọ̀, ẹ tètè gun òkè. Ẹni tí ó bá délé láyọ̀ ni yóò ròyìn.