Àlàpà Róòmù Lórí Kánfáàsì

Ẹ̀yin tí ẹ pè mí ti mọ̀ pé èmi kì í pẹ́ nídìí oríkì ọ̀rọ̀. Capriccio ni àwọn ará Ítálì ń pe àwòrán tí ayàwòrán ti kó ilé àti àlàpà jọ bó ṣe wù ú, yálà ilé náà wà láyé tàbí kò sí. Ẹni tí kò bá yé, kó bi ẹni tó jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ Giovanni Paolo Panini, ayàwòrán irú rẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Piacenza ni wọ́n ti bí i ní 1691. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń ya ilé sára ògiri àti sára aṣọ orí ìtàgé, tí ojú yóò fi rò pé ògiri ti ṣí sílẹ̀. Ó dé Róòmù ní 1711, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1765. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìtàgé yẹn, mo ń padà bọ̀ sídìí rẹ̀.

Nínú irú àwòrán tó sọ ọ́ di olókìkí, ẹ ó rí Pantheon, ẹ ó rí Òpó Trajan, ẹ ó rí Colosseum, nígbà mìíràn pírámídì Cestius náà yóò yọjú, gbogbo wọn lójú kan. Ẹni tó bá mọ Róòmù yóò rẹ́rìn-ín. Ẹnubodè gúúsù ìlú ni pírámídì wà; Pantheon wà láàárín ìlú. Kò sí ibi tí èèyàn lè dúró sí kí ó rí wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó dá wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òkúta ò purọ́. Àdúgbò tí Panini kó wọn sí ni kò sí.

Ibí ni ìjà mi pẹ̀lú àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán. Wọ́n ní ohun ìrántí lásán ni àwọn àwòrán yìí, tí àwọn ọmọ ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì tó ń rìnrìn àjò káàkiri Yúróòpù ń rà lọ sílé. Wọ́n rà á, mo gbà. Ta ló ń yàwòrán lọ́fẹ̀ẹ́ ní Róòmù nígbà náà? Owó tí wọ́n san kò sọ ohun tó wà nínú iṣẹ́.

Àwọn kejì ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ní ẹkún ni: ayàwòrán ń dárò ìlú ńlá tó wó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àwọn èèyàn kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ àwòrán. Ọmọ ogun ń tàkúrọ̀sọ, ẹnì kan ń wàásù, àwọn kan jókòó sórí òkúta. Ta ló ń sunkún níbẹ̀? Pápá Màlúù ni àwọn ará Róòmù ń pe ojúde àtijọ́ wọn nígbà ayé Panini, nítorí pé màlúù ń jẹko níbẹ̀. Àwọn baba wọn ti sun mábù di ẹfun ìmọlé. Póòpù Urban Kẹjọ kó idẹ kúrò lókè ọ̀ọ̀dẹ̀ Pantheon, ó fi rọ ìbọn àgbá. Panini kò dárò. Bí ẹni ń to ìtàgé ló ṣe ń to àlàpà, kí ojú lè ti ibi kan dé ibòmíràn, kí ó lè fi òpó yìí wé òpó yẹn. Iṣẹ́ onímọ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ mi kan, ọlọ́jọ́ ti dé bá a, máa ń fi páálí bo àwọn èèyàn kéékèèké inú àwòrán Panini. Bí wọ́n bá ti pòórá báyìí, a ò ní mọ bí òpó ti ga tó mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òde òní, orí fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ẹ ti ń wò ó, ẹ wá ń kọ ọ́ sínú ìdánwò pé kò sí èèyàn níbẹ̀! Fóònù tó ń dún lẹ́yìn yẹn náà, ẹ pa á.

Alága ti ń wo aago. Ní 1757, Panini ya gbọ̀ngàn kan tí kò sí rí fún Choiseul, aṣojú Faransé ní Róòmù: àwòrán àlàpà Róòmù ló kún ara ògiri rẹ̀, Choiseul fúnra rẹ̀ sì wà láàárín. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n àkókò kò gbà.

Canaletto, ayàwòrán mìíràn, ní kúkúrú: ó ya Rialto ní Venice fún Algarotti tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ó fi afárá tí Palladio, ayàwòrán ilé, yà tí wọn kò kọ́ rárá síbẹ̀, ó sì kó ilé méjì wá láti Vicenza fi tì í.

Hubert Robert, ayàwòrán ará Faransé, wá ní tirẹ̀. Ó gbé Róòmù fún ọdún púpọ̀, ó padà sílé, ní 1796 ó ya Gbọ̀ngàn Ńlá Louvre bí àlàpà, òrùlé ti já, ayàwòrán kan sì jókòó sí àárín rẹ̀ tó ń ya ère Apollo. Gbọ̀ngàn yẹn ò wó. Ẹni tó bá ní ẹkún ni, kó sọ ilé tí Robert ń sunkún lé lórí fún mi.